Ìfun Ló Ń Ṣàìsàn, Itan Ló Ń Rù

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n Yorùbá nígbà tó bá di ká sọ pé èèyàn ti rù. Ó joro, ó gbẹ, ó jò wálẹ̀, ó rù kan eegun. Àwọn ìyá wa á wo kòtò ọrùn onítọ̀hún, wọ́n á ní bí òjò bá rọ̀, omi á dúró síbẹ̀. Ojú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi ń wọn nǹkan. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kì í sábà jẹ́ kí ojú rí òun: ẹran ara tó ń dín kù lára ẹni tí àìsàn ìfun wíwú ń bá jà, tí ọ̀rá lè bò mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí onítọ̀hún á fẹ́ dìde lórí àga tí orúnkún á ní òun kò gbà.

Mo pè é ní ẹran ara nítorí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún "iṣan" lédè wa. Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ló so eegun mọ́ra, iṣan náà ló ń yọ lápá ẹni tó ń la igi. Lọ́dọ̀ alápatà, kò sí àríyànjiyàn: ẹran lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀, eegun lọ́tọ̀. Ẹran yẹn ni mò ń sọ.

Àìsàn méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ń jẹ́ àìsàn Crohn, orúkọ Burrill Crohn, dókítà ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York, tí òun pẹ̀lú Leon Ginzburg àti Gordon Oppenheimer gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1932. Ó lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ihò ìdí, ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ìfun kékeré ló fẹ́ràn jù. Èkejì ni ulcerative colitis, tí Samuel Wilks ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní London láti 1859. Ìfun ńlá nìkan ni tirẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò kan pàtó tí èèyàn lè fi oògùn pa ló ń fa èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun tí ara ní láti fi lé àrùn ló kọjú ìjà sí ìfun ẹni tó ni wọ́n. Ìfun á wú, á pọ́n, á dégbò, ìgbẹ́ á máa ṣàn tòun tẹ̀jẹ̀. Á rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, á tún ru padà.

Nílé, jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ máa gbọ́. Wọ́n á ní ó ti lá ṣúgà jù, wọ́n á po àgbo fún un. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, á gbé oògùn amóẹ́bà mì. Nígbà tó bá wá ń rù, ọ̀rọ̀ á di ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ ìfun, èyí tó jọ àìsàn Crohn débi pé dókítà tó ti ki kámẹ́rà wọnú ìfun pàápàá lè ṣì wọ́n mú. Àwọn tó kù á ní ayé ló ń ṣe é. Ọjọ́ pẹ́ tí ìwé ìṣègùn ti ń sọ pé àìsàn yìí kì í ṣe tàwa aláwọ̀ dúdú, àmọ́ ní 2012 ìròyìn kan jáde láti ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà nípa àwọn tí wọ́n ti rí i lára wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ẹnìkan nínú 123 ló ní in. Orúkọ tí a kò tètè mọ̀ yìí kan ẹran ara gan-an, nítorí pé gbogbo oṣù tí aláìsàn fi ń ti ọ̀dọ̀ alágbo bọ́ sí kẹ́míìsì ni itan rẹ̀ fi ń jò.

Kí ló ń jẹ ẹran náà? Ìdáhùn tó yá jù lẹ́nu èèyàn ni pé kò jẹun. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá jẹun, ìnira ló kàn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún oúnjẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó gbààwẹ̀. Ìfun tó dégbò kì í fa oúnjẹ mọ́ra bó ṣe yẹ, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ á sì tún máa gba ojú egbò náà jáde. Ẹni tí wọ́n ti gé apá kan ìfun rẹ̀ kúrò á fi ìyókù ṣe iṣẹ́ odindi. Síbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ebi nìkan ni, oúnjẹ nìkan ìbá tó o tún un ṣe. Àwọn ènìyàn wa ti ṣàkíyèsí èyí tipẹ́, wọn ò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni: "Ó ń jẹun, kò hàn lára ẹ̀."

Ìdí tí kò fi hàn lára rẹ̀ la ìtàn kan lọ tí n kò lè fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara màlúù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Rockefeller ní New York, Anthony Cerami ń wádìí àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn Fúlàní darandaran mọ ohun tó ń fi ojú màlúù rí: ẹran á máa jẹko, á sì máa rù, títí ihà rẹ̀ á fi ṣeé kà. (Ohun tó mú kí màlúù muturu kúkúrú tilẹ̀ wa níyì nìyẹn, àìsàn náà kì í tètè rí tirẹ̀ ṣe.) Nígbà tí Cerami fi kòkòrò àìsàn náà sára ehoro, ehoro rù kan eegun, ọ̀rá sì kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámú. Kòkòrò tó wà lára ehoro náà kò pọ̀ tó èyí tó lè jẹ gbogbo ẹran yẹn. Ara ehoro fúnra rẹ̀ ló ń tú nǹkan kan jáde tó ń run ún. Wọ́n sọ nǹkan náà ní cachectin. Ní 1985, òun àti Bruce Beutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé cachectin àti TNF, tí àwọn tó ń wádìí jẹjẹrẹ ti sọ lórúkọ láti 1975, nǹkan kan náà ni.

TNF yìí kan náà ló ń pọ̀ nínú ìfun tó ń wú. Ní 1998, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí infliximab, oògùn tó ń di TNF lọ́wọ́ mú, fún àìsàn Crohn. Oògùn ìfun ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀, rírù ni wọ́n fi mọ ohun tó ń bá jà nínú yàrá ìwádìí Cerami. Mo ránni létí èyí nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ẹran ara tó ń jò máa ń wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn awọ ara àti ojú pípọ́n, bí ẹni pé àjèjì tó yà kí aláìsàn ni. Kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ilé ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹran náà rọrùn láti yàwòrán rẹ̀. Ọlọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ purotéènì tó ti gbó, èyí tí ara bá ti lẹ èdìdì mọ́. Bí TNF àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ IL-6 bá ti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀, èdìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ èyí tí kò tíì gbó. Lọ́wọ́ kan náà, IGF-1 tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tí ẹran fi ń dàgbà, á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá di ti ilé tí wọ́n ń wó lóru tí bíríkìlà ò sì wá sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà tún ń béèrè. Ó fẹ́ ohun tí yóò fi ṣe àwọn purotéènì ogun, irú CRP tí dókítà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, àká tó sì sún mọ́ ọn jù láti bù nínú rẹ̀ ni itan àti apá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń jẹun dáadáa fi lè máa rù: oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, ogun kò jẹ́ kó wọlé.

Fi àìlègbéra kún un. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tára wọn dá ṣáṣá: ọjọ́ mẹ́wàá péré lórí ibùsùn, ẹran tó lọ ní ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Ẹni tí ìfun ń gbo, tó ń dìde nígbà mẹ́jọ lóru lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò ní jáde rìn ní ìrọ̀lẹ́.

Ó kan oògùn wàyí. Prednisolone máa ń pa iná ìfun kíákíá, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀; ẹni tó bá ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì nítorí pé ó ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pa iná ni òun náà ń ti ọlọ yẹn yí, ìbàdí àti itan ló sì máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ wò ó bó ṣe máa ń rí lójú àwọn ará ilé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, ojú ọmọbìnrin náà ti kún rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ, ikùn ti jáde díẹ̀. Àǹtí rẹ̀ á pàtẹ́wọ́: "Ó ti ń sanra! Ara ti ń padà bọ̀ sípò!" Ọmọbìnrin náà sì ni ẹni tó di ògiri mú láàárọ̀ kó tó lè dìde lórí ṣáláńgá, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún kó tó gun àtẹ̀gùn. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé e lé fi kílò mẹ́ta kún ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá àti omi ni. Ní ilẹ̀ tí àwọn kan ti ń ra dexamethasone, ọmọ ìyá prednisolone, ní kẹ́míìsì kí wọ́n lè sanra, ta ni yóò sọ fún àǹtí pé ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí ni ìyọnu? Ìlànà àwọn oníṣègùn níbi gbogbo nísinsìnyí ni pé oògùn yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbé dání lọ́dọọdún. Wọ́n ń fi í pa iná ni, wọ́n á wá fi òmíràn ṣọ́ ilé.

Ibi tí àwọn oníwádìí ti ń bá ara wọn jà ni bí a ó ṣe wọn ohun tó lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ní ọ̀rọ̀ sọ jù.

Irwin Rosenberg, ará Amẹ́ríkà, ló mú ọ̀rọ̀ náà sarcopenia wá ní 1989: ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tó túmọ̀ sí ẹran tó ti di aláìní. Ọ̀rọ̀ àgbà ló ń sọ, bí ẹran ṣe ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ lórí oúnjẹ àti àìsàn ìfun wọ̀nyí. Ọmọ ọdún 25 tó ní àìsàn Crohn lè ní itan ẹni 70. Ní 2010, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù jókòó, wọ́n ní ìwọ̀n ẹran ló ṣáájú nínú dídá a mọ̀. Ní 2019, wọ́n yí i padà: agbára ló ṣáájú, ìwọ̀n ẹran tẹ̀ lé e. Wọ́n fi nọ́ńbà sí i. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ fún ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọwọ́ tí kò dé kílò 27, tàbí obìnrin tí kò dé 16, ẹ fura. Bí èèyàn bá dìde jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí àga tó sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ẹ fura.

Àwọn tó ń wádìí àìsàn ìfun kò tíì tẹ̀ lé ìyípadà yẹn dé ìdí. Àwòrán CT ni wọ́n fẹ́ràn. Aláìsàn ìfun máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nítorí ìrora inú tàbí ìkójọ ọyún, oníwádìí á sì lọ bá ibi tí ẹ̀rọ gé ara kọjá ní eegun kẹta ti ìbàdí. Ẹni tó bá ti rí i kì í gbàgbé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé èèyàn ní ìdajì bí iṣu: eegun funfun láàárín, ẹran aláwọ̀ eérú yí i ká bí ewé, ọ̀rá dúdú yí ìyẹn náà ká. Lára ẹlòmíràn, ọ̀rá ti yọ́ wọ àárín ẹran tín-ín-tín-ín, ẹran tó kù pàápàá kò wá jẹ́ ojúlówó mọ́. Kọ̀ǹpútà á ka bí ẹran náà ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á fi gíga onítọ̀hún, tí wọ́n ti fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, pín in.

Ó dára, ó péye, mo sì gbà pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń yà ní CT? Ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ ti le. Nítorí náà, iye tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń mú jáde kì í ṣe ti gbogbo aláìsàn. Wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dájọ́ náà: 52.4 fún ọkùnrin, 38.5 fún obìnrin, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń lò. Ara àwọn tó ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì sanra rẹpẹtẹ, ní Kánádà ni wọ́n ti mú un jáde ní 2008. Òun ni wọ́n wá gbé lé orí ọ̀dọ́mọkùnrin tó tín-ín-rín ní Seoul tàbí Mumbai. Abájọ tí ìwádìí kan á ní ìdajì àwọn aláìsàn ló ní ìṣòro yìí, tí òmíràn tó béèrè pé kí ẹran àti agbára jọ dín kù kò ní rí tó ìdá márùn-ún kan. Kì í ṣe pé ẹnìkan ń purọ́. Wọn ò kàn bi ara ní ìbéèrè kan náà.

Èrò tèmi ni pé ọ̀kan nínú àwọn òṣùwọ̀n náà wà nínú gbogbo ilé, a kàn ń fojú kéré rẹ̀ ni. Gbé àga tí kò ní apá sẹ́bàá ògiri, kó má baà yọ̀. Jókòó, ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Kí ẹnìkan wo aago fóònù. Dìde tán pátápátá, kí orúnkún nà, jókòó padà, ó di ọ̀kan. Ṣe é títí di márùn-ún. Ara tó le á parí rẹ̀ kí èèyàn tó sọ pé báwo ni. Ẹni tí itan rẹ̀ ti ń jò á máa fi ara sọ síwájú, apá á fẹ́ tú láti di nǹkan mú, ìkẹrin á ti yàtọ̀ sí ìkínní. Owó CT kò sí nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n kílò kò lè rí ohun tí àga yẹn rí, pàápàá lára ẹni tó sanra, nítorí pé àwọn tó tóbi náà wà lára àwọn tí ẹran wọn ti lọ.

Kí ni ẹran tó lọ ń mú lọ? Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun, àwọn tí ẹran wọn kéré ló máa ń kó sí wàhálà jù lẹ́yìn rẹ̀: ojú abẹ tí kò tètè jiná, àrùn tó wọlé, ọjọ́ tó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Lórí èyí, ìwádìí púpọ̀ ló fohùn ṣọ̀kan. Eegun náà máa ń fúyẹ́ pẹ̀lú ẹran, nítorí pé ẹran ló ń fa eegun kó lè le. Ti pé àìní ẹran ń mú kí oògùn bí infliximab má ṣiṣẹ́, ọwọ́ kò tíì tẹ òtítọ́ rẹ̀. Àwọn kan rí i bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná tó le jù ló ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Amsterdam fi hàn ní 2015 pé lára àwọn tí colitis wọn le, infliximab tí wọ́n fi dírípù fà sí wọn lára ń bá ìgbẹ́ jáde. Owó ńlá ń ṣàn lọ sínú ṣáláńgá, bí purotéènì ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń ṣàn.

Kí ẹran tó lè padà, iná ni a ó kọ́kọ́ pa. Àwọn ará Ọsirélíà tẹ̀ lé aláìsàn Crohn 19 tí wọ́n ń fún ní infliximab, wọ́n ń fi MRI wo itan wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 25 fi pé, ẹran itan ti pọ̀ sí i, agbára ẹsẹ̀ sì ti lé sí i. Wọ́n gbé e jáde ní 2015. Èèyàn 19 kò pọ̀, kò sì sí àwọn tí wọ́n fi wé wọn. Ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ehoro Cerami mu.

Lẹ́yìn iná ni oúnjẹ. Ìlànà ESPEN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn ní Yúróòpù, ni pé nígbà tí àìsàn bá ń jà, kí èèyàn máa jẹ purotéènì gíráàmù 1.2 sí 1.5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bó bá rọlẹ̀, gíráàmù kan tó. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sórí tábìlì wa. Ẹni kílò 60 nílò 72 sí 90. Ẹyin ńlá kan ní bíi 6. Ègé ẹran kékeré tó tó gíráàmù 30 ní bíi 8. Ẹ̀kọ mímu, tí gbogbo wa ń gbé fún aláìsàn inú nítorí pé ó rọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkankan, bẹ́ẹ̀ náà ni gààrí. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ àti búrẹ́dì gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ti fún ìfun rẹ̀ ní ìsinmi, a sì ti fi ebi pa itan rẹ̀. Ẹja títútù tí a sè, ẹyin, wàrà fún ẹni tí inú rẹ̀ gbà á, àti mọ́ínmọ́ín ló lè gbé nọ́ńbà yẹn. Mo dárúkọ mọ́ínmọ́ín nítorí pé a ti bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ kúrò, èèpo náà ló sì máa ń yọ ìfun tó ti há lẹ́nu. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti há gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Fún àwọn ọmọdé tó ní Crohn, oúnjẹ olómi nìkan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lè pa iná náà láìsí prednisolone, ìyẹn sì jẹ́ kí ọmọ máa dàgbà.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní London tàbí Manchester ní ìṣòro kan lérí. Awọ dúdú kì í rí oòrùn ibẹ̀ tó láti fi ṣe fítámì D, ìfun tó dégbò kì í sì fa èyí tó wà nínú oúnjẹ mọ́ra dáadáa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bó ṣe kù tó, ó sì yẹ kí èèyàn béèrè fún un.

Ó wá ku eré ìdárayá, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Tí inú bá ń run èèyàn, "lọ gbé nǹkan tó wúwo" á dún bí ìwà ìkà. Síbẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín àwọn 47 tí Crohn wọn ti rọlẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ìwádìí náà jáde ní 2020. Apá kan ń fò, wọ́n ń fi rọ́bà àti ìwọ̀n dá agbára mọ́ra nílé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà; apá kejì ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe eré náà lágbára sí i ní apá àti ẹsẹ̀, eegun ìbàdí-ẹ̀yìn wọn náà le sí i. Gbogbo wọn ló jẹ́ ẹni tí iná ìfun rẹ̀ ti kú tàbí tó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí ogun bá ń lọ lọ́wọ́, rírìn nínú ọgbà àti dídìde lórí àga fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Èyí mú mi padà sí àga náà. Ní kílíníìkì, nọ́ọ̀sì á gbé aláìsàn lé ìwọ̀n, á kọ kílò sínú káàdì, á wọn ìfúnpá, á ní kó lọ jókòó de dókítà. Àga tí aláìsàn jókòó lé lórí fún wákàtí méjì yẹn kò sọ nǹkankan nínú káàdì. Ìlà kan ló nílò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílò: ìdìde márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá mélòó. Bó bá jẹ́ 11 ní oṣù kẹta, tó wá di 17 ní oṣù kẹfà, kílò ṣì lè wà níbi tó wà.